Nọ́ńbà 36 tí kò ṣe é kọ: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yàrá ìkàwé kan ní Agbowó

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo dá fún iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló gbà mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹni tí yóò gba irú rẹ̀ lẹ́yìn mi, kí ó má baà fi owó epo ṣòfò bíi tèmi.

Bàbá Tíṣà ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n sọ ṣọ́ọ̀bù méjì di yàrá ìkàwé ní Agbowó, lódìkejì títì sí Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ọmọ tó ń múra JAMB ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ka ìwé 1,140, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà nílẹ̀ nínú páálí.

Ohun méjì ni Bàbá fẹ́: pẹpẹ, àti ìwé atọ́ka. Lọ́dọ̀ wọn, ìwé atọ́ka ni nóòtù kan tí a kọ orúkọ gbogbo ohun tó bá àpèjúwe kan mu sí. Ọ̀kan wà fún ìwé Ìṣirò, ọ̀kan fún ìwé tó ju ojú ewé 500 lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó dé ni wọ́n ti kọ òfin kan sára ògiri, lẹ́tà gàdàgbà:

OHUNKÓHUN TÍ ÈÈYÀN BÁ LÈ FI GBÓLÓHÙN KAN ṢÀPÈJÚWE, A Ó NÍ ÌWÉ ATỌ́KA FÚN UN.

Mo kà á, mo ní ó dára, mo kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn.

Owó tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ jẹ́ ₦150,000, owó iṣẹ́ tèmi kò sí nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ná an nìyí:

- Pákó 1×12, ẹyọ 6, láti Bódìjà: ₦57,000
- Ìṣó, sáńpépà, fánìṣì: ₦14,200
- Nóòtù olójú ewé 120, ẹyọ 50, láti Dùgbẹ̀: ₦35,000
- Sẹ́lótéèpù aláwọ̀ mẹ́ta: ₦4,500
- Puláíwúùdù ààbọ̀ àti ọ̀dà dúdú: ₦16,000
- Epo jẹnẹrétọ̀, lítà 10: ₦9,500
- Owó ọkọ̀, Máíkírà àti kẹ̀kẹ́: ₦6,300

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦142,500. Nínú rẹ̀, ₦16,000 gbé (kì í ṣe ti puláíwúùdù). Ẹ ó rí ibi tó gbé sí.

1. Pẹpẹ (ọjọ́ 1 sí 3)

Fífẹ̀ 180 sẹ̀ǹtímítà, gíga 210, ipele mẹ́fà. Mo fi 28 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ipele kan sí èkejì láì wọn ìwé tó ga jù nínú yàrá. Átíláàsì Bàbá ga tó 36. Mo tú ìṣó ipele méjì ìsàlẹ̀, mo sọ wọ́n di ọ̀kan. Kò tún sí nǹkan kan láti sọ níbẹ̀.

2. Ìwé atọ́ka 34 (ọjọ́ 4 àti 5)

Ọmọbìnrin kan tó ń múra JAMB ló bá mi kọ ọ́, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, Àbúrò sì ni n ó máa pè é níbí.

Nígbà tó dé nọ́ńbà 7, “Ohun gbogbo tí a fi ọwọ́ kọ nínú yàrá yìí,” ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ náà la fi ń kọ nọ́ńbà 7 yìí. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ara rẹ̀?”

Mo ní kí ló dé tí kò ní kọ ọ́? Òótọ́ ni pé ọwọ́ la fi kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà 12, “Ohun tí a kọ ní èdè Yorùbá,” àti nọ́ńbà 19, “Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbé jáde.” Àmọ́ nọ́ńbà 3, ti ìwé tó ju ojú ewé 500 lọ, kò lè dárúkọ ara rẹ̀, torí ojú ewé 120 ni gbogbo nóòtù wa. Nígbà tí a parí 34, márùn-ún ló dárúkọ ara wọn, 29 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí wàhálà kankan nínú àwọn márùn-ún náà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé ó wúlò níwájú.

3. Ìwé ìbéèrè (ọjọ́ 6)

Bàbá fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé. Wọ́n kọ ìlà méjì sínú ìwé ìbéèrè:

35. Gbogbo ìwé atọ́ka tó dárúkọ ara wọn.
36. Gbogbo ìwé atọ́ka tí kò dárúkọ ara wọn.

A kọ́kọ́ ṣe 35. Ohun àjèjì kan wà níbẹ̀ tí a kò fura sí lákọ̀ọ́kọ́. Bí a bá kọ 35 sínú 35, ó dárúkọ ara rẹ̀, ibẹ̀ náà ló yẹ kó wà. Bí a kò bá kọ ọ́, kò dárúkọ ara rẹ̀, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Méjèèjì dúró! Kò sí ohun kankan nínú yàrá tó lè sọ èyí tó tọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a kọ ọ́ sí i. A wá ní mẹ́fà tó dárúkọ ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni 36. Orúkọ 29 wọlé wẹ́rẹ́. Ó wá ku 36 fúnra rẹ̀. Àbúrò kọ ọ́ sí i, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́. Mo ní ó ti dárúkọ ara rẹ̀ báyìí, àwọn tí kò dárúkọ ara wọn nìkan ló wà fún, pa á rẹ́. Ó fi kílínà pa á rẹ́. Ó wo nóòtù náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò dárúkọ ara rẹ̀ mọ́ báyìí o. Ó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyẹn.” Ó kọ ọ́ padà. A pa á rẹ́. Nígbà kẹfà, bébà ya.

Mo bínú sí ọmọ náà díẹ̀, mo rò pé kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ dáadáa. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

4. Láptọ́ọ̀pù (alẹ́ ọjọ́ 6 sí àárọ̀ ọjọ́ 8): mo kùnà

Mo ní ó rẹ̀ wá ni, kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, mo tan jẹnẹrétọ̀. Lítà mẹ́rin jó ní alẹ́ méjì, ₦3,800.

Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ni mo lò. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi set kan, ìyẹn àkójọ nǹkan, sínú set mìíràn. Ó dáhùn pé:

TypeError: unhashable type: 'set'

Ìyẹn ni pé set tó ṣì lè yí padà kò lè wọnú òmíràn. Mo bọ́ sí frozenset, irú èyí tí a kò lè fọwọ́ kàn mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti dá a. Ìyẹn gbà kí ọ̀kan wọnú òmíràn, àmọ́ gbogbo ohun tí yóò wọnú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà kí òun fúnra rẹ̀ tó dáyé. Kò sí bí ó ṣe lè gbé ara rẹ̀ mì. Mo pè é ní àbùkù, mo sá fún un. Ojútùú ló ń sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, etí mi ni kò gbọ́.

Mo wá lo ọgbọ́n mìíràn, mo sọ ìwé atọ́ka kọ̀ọ̀kan di ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́:

R = lambda x: not x(x)
R(R)

Ìlà àkọ́kọ́, tó sọ 36 wa di R, kọjá. Ìlà kejì ní kí R bi ara rẹ̀ bóyá kò sí nínú ara rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀, ìyẹn tún bi ara rẹ̀, títí tó fi kan òpin, tó sì kígbe RecursionError, pé bíbi ara ẹni náà ti pọ̀ jù. Òpin tí Python máa ń fi síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i ni 1000. Mo ní àyè ni kò gbà á. Mo sún un sí 100000. Python kú pátápátá, ohun tí mo kọ láti àárọ̀ tí n kò tọ́jú sì bá a lọ.

Àṣìṣe tó le jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn ni mo ń bu epo sí.

5. Ta ló ti kọsẹ̀ níbẹ̀ rí? (ọjọ́ 9)

Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo lọ kàwé. Ní 1901 ni Bertrand Russell, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kan ògiri kan náà: àkójọ gbogbo àkójọ tí kò sí nínú ara wọn, ṣé ó wà nínú ara rẹ̀? Àkójọ yìí ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀tì ní iléèwé. Ní Jámánì, Ernst Zermelo ti rí i fúnra rẹ̀ láì gbọ́ ọ lẹ́nu Russell.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Òkúdu 1902, Russell kọ lẹ́tà sí Gottlob Frege, onímọ̀ ìṣirò tó ń kọ́ni ní Jena, ní Jámánì. Frege ti ń kọ́ ilé kan láti ọjọ́ pípẹ́, ó fẹ́ fi hàn pé orí ọ̀rọ̀ ìrònú pọ́ńbélé ni ìṣirò dúró lé. Apá kìn-ín-ní ìwé rẹ̀ jáde ní 1893, apá kejì ti wà lọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé nígbà tí lẹ́tà dé. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó dáhùn. Kò jiyàn, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé ìpìlẹ̀ ti mì. Ó fi àfikún kan sẹ́yìn apá kejì náà, tó jáde ní 1903, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì gbìyànjú àtúnṣe kan tí kò dúró. Èmi tí mo ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Ta ló máa ń kọ àṣìṣe ara rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde?

Ohun tó fọ́ lọ́wọ́ Frege ni mo wá. Bí a bá bó gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀, ohun tó kù nìyí: àpèjúwe yòówù kí ẹ mú wá, àkójọ ohun tó bá a mu wà. Mo gbé ojú sókè, mo wo ògiri Bàbá Tíṣà. Òun náà ni, lẹ́tà gàdàgbà.

Nóòtù kọ́, ọwọ́ Àbúrò kọ́, Python kọ́. Òfin ara ògiri ló fọ́.

Àbúrò ní òun ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ti onígbàjámọ̀ abúlé tó ń fá irùngbọ̀n gbogbo ẹni tí kò bá fá ti ara rẹ̀, tí kì í sì í fá ti ẹlòmíràn: ta ló ń fá tirẹ̀? Mo ní ti onígbàjámọ̀ rọrùn: irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò sí, kí oníkálukú máa lọ sílé. Kò sí ẹni tó ṣèlérí onígbàjámọ̀ náà fún wa. Tiwa ni òfin ti ṣèlérí pé nóòtù náà yóò wà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí a lè sá.

Ó tún fi ọ̀rọ̀ ṣeré. “Gbọọrọgbọọrọ” jọ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn ni. “Bíńtín” náà jọ ara rẹ̀. “Ńlá” kò jọ ara rẹ̀, kékeré ni. Ẹ wá dá orúkọ kan fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò jọ ara rẹ̀, ẹ pè é ní “àìjọ”. Ṣé “àìjọ” jọ ara rẹ̀? Kurt Grelling àti Leonard Nelson ti gbé irú rẹ̀ jáde ní 1908. Bàbá gbádùn èyí ju gbogbo ohun tí mo ṣe lọ, pẹpẹ pàápàá wà níbẹ̀.

6. Àtúnṣe àkọ́kọ́: téèpù aláwọ̀ mẹ́ta (ọjọ́ 10 sí 12), mo kùnà lẹ́ẹ̀kejì

Oògùn tí Russell fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 1908 ni mo kọ́kọ́ lò. Ó pín ohun gbogbo sí ipele. Ìwé lásán, ipele òdo, téèpù búlúù. Ìwé atọ́ka tó ń ka ìwé lásán, ipele kìíní, téèpù yẹ́lò. Ìwé atọ́ka tó ń ka ìwé atọ́ka, ipele kejì, téèpù pupa. Nóòtù kan kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ohunkóhun bí kò ṣe èyí tó wà ní ipele ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. “Ṣé ó dárúkọ ara rẹ̀?” kò wá ṣe é bi mọ́ rárá. Bàbá ní àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ná wa. Nọ́ńbà 7, “Ohun gbogbo tí a fi ọwọ́ kọ,” gbọ́dọ̀ pín sọ́nà mẹ́ta, torí ohun tí a fi ọwọ́ kọ wà ní ipele gbogbo. Nọ́ńbà 12 bẹ́ẹ̀, 19 bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nóòtù mọ́kànlá ti wọlé lé e, ọmọ tó bá sì fẹ́ mọ ohun tó wà ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣí ibi mẹ́ta. Àwọn márùn-ún tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, la ń jẹ níyà fún ẹ̀ṣẹ̀ 36.

Mo bó téèpù. Nóòtù mọ́kànlá náà jẹ́ ₦7,700, téèpù ₦4,500. Ẹ fi ₦3,800 ti epo kún un, ₦16,000 tí mo sọ nìyẹn.

7. Àtúnṣe kejì: pẹpẹ ṣáájú (ọjọ́ 13 sí 15)

Ní 1908 yẹn kan náà ni Zermelo gbé tirẹ̀ jáde. Lójú tèmi, káfíńtà ni ọkùnrin yìí. Ó ní: ẹ má dá àkójọ láti inú àpèjúwe lásán. Ẹ kọ́kọ́ fi àkójọ kan tó ti wà hàn mí, kí ẹ tó fi àpèjúwe ṣa ohun tí ẹ fẹ́ nínú rẹ̀. Mo tún òfin ara ògiri kọ:

KỌ́KỌ́ SỌ PẸPẸ TÍ O TI Ń MÚ UN. LẸ́YÌN NÁÀ, SỌ OHUN TÍ O Ń ṢÀ.

Mo dán an wò. Ìwé atọ́ka nọ́ńbà 1 sí 35 wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ orúkọ àwọn 29 tí kò dárúkọ ara wọn sínú nóòtù tuntun, mo kọ 36 sára èèpo rẹ̀, mo sì ń retí kí ó bù mí jẹ. Ṣé 36 dárúkọ ara rẹ̀? Rárá. Ṣé kò wá yẹ kó wà nínú rẹ̀? Kò yẹ, torí orí pẹpẹ la ti ń ṣà, 36 kò sì sí lórí pẹpẹ.

Kò bù mí jẹ.

Àbúrò gbé 36 sórí pẹpẹ, ó ní ká tún un ṣe. Ìwé atọ́ka wá di 36, àwọn tí kò dárúkọ ara wọn di 30. A kọ wọ́n sínú 37. Òun náà wà lóde pẹpẹ. Ẹ gbé òun náà sórí rẹ̀, 38 yóò jáde. Ibi tí ohun tó ń pa wá lára tẹ́lẹ̀ ti di ohun èlò nìyí: pẹpẹ yòówù kí ẹ fún mi, n ó kọ ìwé atọ́ka kan tí kò sí lórí rẹ̀. Torí náà, kò sí pẹpẹ tó gba gbogbo ìwé atọ́ka.

Bàbá gbọ́, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ìwé atọ́ka ohun gbogbo ò lè sí nìyẹn?”

“Kò lè sí, sà.”

Inú wọn kò dùn. Ìyẹn ni wọ́n ti ń lé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí yàrá náà.

Mo fi ìwé mẹ́ta sílẹ̀ níwájú wọn kí wọ́n lè fojú rí i. Ìwé atọ́ka mélòó ni a lè kọ láti ara mẹ́ta? Èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, ẹlẹ́yọ kan mẹ́ta, eléjì méjì mẹ́ta, àti èyí tó kó gbogbo wọn: mẹ́jọ. Georg Cantor, onímọ̀ ìṣirò, ti fi hàn ní 1891 pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, iye àkójọ tí a lè ṣà jáde máa ń ju iye ohun tí a ní lọ, bó ti wù kí ohun náà pọ̀ tó. Láti ara gbogbo ìwé atọ́ka 35 wa, ó jẹ́ 34,359,738,368. Ẹ má bi mí ní owó nóòtù.

Àbúrò tún rí ihò kan tí n kò rí. “Bí a bá gbé nóòtù òfìfo sórí pẹpẹ ṣáájú, tá a pè é ní 38, tá a tó wá máa ṣà ńkọ́?” Ó dúró síbẹ̀ lófìfo, kò dárúkọ ara rẹ̀, a ó ṣà á, a ó kọ ọ́ sínú ara rẹ̀, gbogbo wàhálà á padà. Mo fi òǹtẹ̀ ọjọ́ ṣe é. Nóòtù kì í ṣe ìwé atọ́ka títí tí a ó fi fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó gbẹ̀yìn, tí a ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gun pẹpẹ. Ohun tí frozenset ń wí fún mi ní alẹ́ ọjọ́ 6 gan-an nìyẹn. Àwọn mẹ́fà tó ti dárúkọ ara wọn tẹ́lẹ̀, mo lu òǹtẹ̀ mọ́ wọn bí wọ́n ṣe wà. Èyí tuntun kankan kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

8. Pátákó (ọjọ́ 16 sí 19)

Ó ku ẹ̀dùn ọkàn Bàbá. Wọ́n ṣì fẹ́ ibì kan tí wọ́n á ti lè sọ̀rọ̀ nípa “gbogbo ìwé atọ́ka” láì sọ pé pẹpẹ wo. John von Neumann ti la ọ̀nà rẹ̀ ní 1925, Paul Bernays àti Kurt Gödel tún un tò lẹ́yìn rẹ̀: ẹ jẹ́ kí irú àkójọ méjì wà. Ọ̀kan lè wọnú àkójọ mìíràn. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní kíláàsì, tóbi débi pé kò lè wọnú ohunkóhun.

Mo kan puláíwúùdù 120 sí 90 sẹ̀ǹtímítà mọ́ ògiri, mo kùn ún dúdú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà àkọ́kọ́ kò gbẹ kí n tó kun èkejì, ó wú bí eéwo ní igun kan, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ sórí rẹ̀: “Gbogbo ìwé atọ́ka tí kò dárúkọ ara wọn,” mo sì ń to nọ́ńbà wọn sábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba òǹtẹ̀. Ṣé pátákó náà wà lára wọn? Kò lè wà, kì í ṣe nóòtù. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: a lè ka ohun tó wà lórí pátákó, a kò gbọ́dọ̀ kọ pátákó sínú nóòtù kankan.

Nóòtù 36 àkọ́kọ́, èyí tó ya, Bàbá kò jẹ́ kí n jù ú nù. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn.

Owó tó ṣẹ́ kù, ₦7,500, mo dá a padà. Ipele kẹta pẹpẹ ti ń tẹ̀ díẹ̀ láàárín, mo ní láti padà lọ fi igi ìtìlẹ́yìn sí i.

Àbúrò pè mí lánàá. Ẹnì kan ti kọ ìbéèrè tuntun sílẹ̀: “Ìwé atọ́ka gbogbo ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè nínú yàrá yìí.” Ó sọ pẹpẹ, ó sọ ohun tí à ń ṣà, kò rú òfin kankan. Àmọ́ Àbúrò ní ẹni tó bá béèrè fún ìwé atọ́ka yẹn, ṣé kò ti béèrè gbogbo wọn tán nìyẹn? Mo ní kó lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ ìbéèrè náà, kó dúró dè mí ní ọjọ́ Sátidé.